Bí O Ṣe Máa Ya Àwòrán Ìbejì Yẹn Lẹ́ẹ̀kejì

Okokomaiko,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ kò jìnnà. Bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ márúwá láti ibí, kí iṣu tó jinná lórí iná ni n óò ti dé Ajangbadi. Mo sì ní fóònù. Ṣùgbọ́n ìwé ni mo yàn, nítorí pé lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, o ti fi méjì dá mi lóhùn. Ìwé kì í gba èsì lójú ẹsẹ̀. Jókòó, kí o kà á tán. Bí inú bá bí ọ níbì kan, fi ìka rẹ síbẹ̀, lọ mu omi, kí o padà wá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá mi kọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Bí o bá rí àmì tí kò dúró síbi tó yẹ, gbé e síbi tó yẹ fúnra rẹ. Má pè mí nítorí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì tó wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Jẹ́ kí n tún un sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí ó lè dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ kan náà la jọ ń sọ. Obìnrin náà bí Táíwò ọkùnrin àti Kẹ́hìndé obìnrin. Táíwò ti lọ sọ́jà, bí a ti máa ń sọ ọ́, nítorí a kì í sọ pé ìbejì kú. Wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Àwòrán tó ní nípa àwọn méjèèjì, inú fóònù kan ló wà, olè sì ti gbé fóònù náà lọ. Ó wá fẹ́ kí o ṣe é bí a ṣe ń ṣe é láti ayé àwọn ìyá wa: kí Kẹ́hìndé wọ gáùn tirẹ̀, kí o yà á, kí ó tún wọ bùbá àti ṣòkòtò Táíwò, kí o tún yà á, kí o wá so méjèèjì pọ̀, kí wọ́n di ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn.

O ṣe é. Gáùn Kẹ́hìndé funfun, ojú rẹ̀ jáde ní dúdú. Bùbá Táíwò dúdú bí aró, ojú rẹ̀ jáde ní pupa. O gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, ojú ọmọ di eérú. Ìyá wọn gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ni ọmọ pupa yìí?" Ìwọ náà wá dá a lóhùn pé kámẹ́rà ló rí i bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun máa padà wá ní Sátidé bóyá wàá lè tún un yà. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi lórí fóònù pé o fẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kí ó má wulẹ̀ wá, kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìba. O tún ní bóyá iṣẹ́ yìí kì í ṣe tìrẹ, bóyá kí o padà sí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti pariwo lé ọ lórí, tí ìwọ náà pa fóònù.

Mi ò ní pariwo nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ní lọ sí Ìba. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀ ní Sátidé, ìwọ lo sì máa yà á.

Mo ní ohun kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ pàápàá kí ó tó jáde láyé.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà nítòsí géètì bárékè Ọ̀jọ́. Páspọ́ọ̀tù àwọn sójà àti ti àwọn ìyàwó wọn là ń yà jù. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá láti Ìba pẹ̀lú irú iṣẹ́ yìí gan-an. Tirẹ̀, Kẹ́hìndé ọkùnrin ló lọ, Táyé obìnrin ló kù. Ọ̀gá mi ti lọ sí Abẹ́òkúta. Ǹ bá sọ fún obìnrin náà pé kí ó padà wá lọ́la, ṣùgbọ́n mo ti ń rí ara mi bí ọ̀gá.

Fíìmù là ń lò nígbà náà. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a ó fi páálí dúdú bo ìdajì lẹ́ńsì, a ó ya ọmọ náà ní apá kan. A kò ní yí fíìmù. Ọmọ á lọ pààrọ̀ aṣọ, á wá jókòó sí apá kejì, a ó gbé páálí bo ìdajì tó ti gba tirẹ̀, a ó tún tẹ̀ ẹ́. Fíìmù kan, ọmọ méjì. Nígbà tí ọmọ náà ń pààrọ̀ aṣọ, ìyá rẹ̀ fẹ́ kọjá, àyè sì há. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kúrò lọ́nà fún un. Mo wá fi ojú díwọ̀n ibi tó wà, mo gbé e padà. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni.

Ibẹ̀ kọ́. Nígbà tí a fọ fíìmù tán, ọmọ ọ̀tún tóbi, ọmọ òsì kéré, bí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Obìnrin náà ní èyí kọ́. Mo ní kámẹ́rà kì í parọ́. Ó ní ọgbọọgba ni àwọn ọmọ òun. Mo ní bóyá kò wò wọ́n dáadáa ni. Wo ẹnu tí mo ní, Àjọkẹ́. Ìyá tó bí wọn ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún. Kò bá mi jà. Ó ká àwòrán rẹ̀ sínú gèlè, ó lọ.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Mo ń wá ilé oníbàárà kan ní Ìba, mo yà sí ilé kan láti bèèrè ọ̀nà, àṣé ilé obìnrin náà ni. Àwòrán náà wà lára ògiri nínú férémù. Ó ti ṣẹ́ ìdajì rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó fi gíláàsì bò ó. Ọmọ kan ṣoṣo ló hàn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ń ro ọbẹ̀ lórí iná, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyẹn kì í ṣe ọmọ mi," ló wí. "Ọmọ ẹlòmíì lo gbé wá jókòó ti Táyé mi."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n tún un yà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pe Táyé jáde kí n wò ó. Ọmọ ti ga. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ojú rẹ̀ ti gùn. Ojú tí èkejì rẹ̀ ní nígbà tó lọ kò sí lójú rẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà ò lè padà lọ gbé e wá.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé Sátidé ni. Kẹ́hìndé obìnrin Ajangbadi yẹn ń dàgbà bí o ṣe ń ka ìwé yìí lọ́wọ́. Bí o bá lé ìyá rẹ̀ lọ, tí ó bá rẹ̀ ẹ́, tí kò lọ sí Ìba tàbí ibì kankan, ọdún tó ń bọ̀ ó ti bọ́.

Ó yá, gbọ́ ohun tí wàá ṣe.

Èkíní, má tún fi kámẹ́rà ṣe àwáwí mọ́. Kámẹ́rà ò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn lẹ́ńsì, nínú ikùn rẹ̀, pátákó kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Òun ló gba ipò fíìmù. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń gbà wọlé. Kò mọ ọmọ, kò mọ aṣọ. Bí o bá fi kámẹ́rà sí ọ́tò, pé kó máa ro fúnra rẹ̀, á wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, á pò ó pọ̀, á sì fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ rí bákan náà nígbà gbogbo, kí ó má funfun jù, kí ó má dúdú jù, bí eérú inú ààrò. Bí ó bá rí funfun púpọ̀, á ní oòrùn ti pọ̀ jù, á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ojú ọmọ tó wà nínú aṣọ funfun náà á bá a dúdú. Bí ó bá rí dúdú púpọ̀, á ní ilẹ̀ ti ń ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ojú ọmọ á di pupa. Ohun tó ṣe ọ́ nìyẹn. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe pé kámẹ́rà bàjẹ́.

Má rò pé ìwọ nìkan ló ṣe. Nígbà tí wọ́n ti ilé tí a ti ń fọ fíìmù pa, mo lọ ra kámẹ́rà àlòkù ní Alábà. Ọmọ Ìbò tó tà á fún mi ní, "Mama, just dey press am," pé kí n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà máa ro ìyókù fúnra rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe, Navy Town ni, àwọn sójà orí omi tó wọ aṣọ funfun báláú láti òkè délẹ̀. Mo tò wọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. Aṣọ wọn jáde bí omi ìfọṣọ, ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ Yorùbá wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé èédú lẹ fi ya wá ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìwé tó bá kámẹ́rà náà wá, gẹ̀ẹ́sì ni, mi ò lè kà á, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi kà á. Mo ta aṣọ funfun sára ògiri, mo na ọwọ́ òsì mi síwájú rẹ̀, mo yà á. Mo tú u, mo ta aṣọ dúdú, mo tún na ọwọ́ kan náà, mo yà á. Mo wo méjèèjì. Ọwọ́ mi ti di ọwọ́ ènìyàn méjì. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ṣe é ní Jímọ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é, kí o fi ojú ara rẹ rí i, nítorí ohun tí mo bá sọ fún ọ, o lè gbàgbé, ṣùgbọ́n o kò ní gbàgbé ọwọ́ rẹ.

Èkejì, nǹkan mẹ́ta ló ń darí ìmọ́lẹ̀, ìwọ ni kí o sì mú wọn dání, má jẹ́ kí kámẹ́rà mú wọn.

Àkọ́kọ́ ni ihò inú lẹ́ńsì. Ó dà bíi fèrèsé. Bí o bá ṣí i gbayawu, ìmọ́lẹ̀ á wọlé púpọ̀. Bí o bá ṣí i díẹ̀, díẹ̀ ló máa wọlé. Lórí kámẹ́rà, f ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré, ihò ńlá. Nọ́ńbà ńlá, ihò kékeré. Ó pẹ́ kí ìyẹn tó wọ̀ mí lórí, títí mo fi rò ó bí iṣu. Iṣu tí a gé sí méjì, ẹyọ rẹ̀ tóbi ju ti iṣu kan náà tí a gé sí mẹ́rìndínlógún lọ. Ṣé o ti rí i? Bí ihò bá tóbi jù, ibì kan péré ni á mọ́ kedere, imú lè mọ́ kí etí ti ṣú. Ọmọ kékeré kì í jókòó jẹ́ẹ́. Lo 5.6 tàbí 8, kí gbogbo ojú rẹ̀ lè mọ́.

Èyí tó tẹ̀lé e ni bí fèrèsé náà ṣe pẹ́ tó kó tó tì. Ìwọ ṣáà ti sá láfún rí. Bó bá pẹ́ nínú oòrùn, ó gbẹ. Bí o bá tètè kó o, ó ṣì tutù. Ṣùgbọ́n níti ènìyàn, bó bá pẹ́ jù, ọmọ á ti mira, ojú á di méjì. Igba ni kí o fi í sí, ìyẹn ni pé kí a gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà igba, kí a mú ẹyọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè yára ju ìyẹn lọ, àfi bó bá ń sá lọ.

Èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́ta náà ni èyí tí wọ́n kọ ISO sí. Ìyẹn dà bí ìgbà tí a bá yí rédíò sókè nítorí ibùdó náà jìnnà. Ohùn á ròkè lóòótọ́, ariwo ṣáá-ṣáá á sì bá a ròkè. Bí o bá yí ISO sókè jù, ojú ọmọ á kún fún hóró bí ẹ̀bà tí kò lẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti irínwó. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, gbé iná rẹ sún mọ́ ọmọ kí o tó fọwọ́ kan ISO.

Bí o bá fi kún ọ̀kan, dín òmíràn kù. Kò sí àdììtú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí obìnrin náà tó dé, yí kámẹ́rà sí M, ìyẹn ni pé ọwọ́ rẹ ló máa darí rẹ̀. Èmi kọ́ orúkọ M yìí lẹ́yìn ọdún kan tí mo ti ń lò ó. Jẹ́ kí ọmọ ilé kejì rẹ tàbí ẹnikẹ́ni tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọmọ náà jókòó sí àga. Ojú rẹ̀ ni kí o fi díwọ̀n, má fi aṣọ rẹ̀ díwọ̀n. Yà á, kí o fi ìka fa àwòrán náà tóbi, kí o wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àárín ojú. Bó bá jọ ojú ẹni tó jókòó, ó parí. Kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láti ìgbà yẹn títí Kẹ́hìndé á fi jókòó lẹ́ẹ̀mejì, tí á fi dìde lẹ́ẹ̀mejì, ìka rẹ kò gbọdọ̀ kan wọn. Aṣọ lè funfun, aṣọ lè dúdú, kámẹ́rà ò ní mọ̀, ojú kan náà ló máa gbé jáde.

Èyí tí wọ́n kọ WB sí náà ń bẹ, tó ń yan bóyá ìmọ́lẹ̀ pọ́n tàbí ó rí bí omi aró. Ìyẹn náà máa ń fẹ́ ro fúnra rẹ̀. Yàn án sí irú iná tí ò ń lò, kí o fi í sílẹ̀. Ti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí o fa aṣọ bò ó. Ìkùukùu lè kọjá láàárín gáùn àti bùbá, kí ìmọ́lẹ̀ yí padà, kí o má mọ̀. Má sì so iná rẹ mọ́ iná ìjọba lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rọ̀ tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀gbẹ́ rẹ. Lo bátìrì.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Mo ti sọ tèmi fún ọ. So àpò iyanrìn mọ́ ọn. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, fa ìlà yí ẹsẹ̀ àga náà ká ní apá méjèèjì. Ibi tí ọmọ ti máa pààrọ̀ aṣọ, wá a sí ẹ̀yìn kátìnì kí ó tó dé, kí ẹnikẹ́ni má ní ìdí láti gba iwájú kámẹ́rà kọjá. Bí gómìnà bá fẹ́ kọjá, kí ó gba ẹ̀yìn.

Ẹyinjú ọmọ ni kí kámẹ́rà dì mú, kí ibẹ̀ lè mọ́ kedere jù, kí ó má jẹ́ imú, kí ó má jẹ́ bọ́tìnnì aṣọ. Bó bá ti dì í mú, yí ibi tí wọ́n kọ AF sí sí MF, kó má baà tún máa wá a kiri.

Káàdì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé káàdì. Mo ti ya àwọn ọmọ ilé-ìwé kan nínú bárékè rí, kíláàsì kan odindi, mo wá fa káàdì yọ nígbà tí iná pupa kékeré yẹn ṣì ń ṣẹ́jú. Kámẹ́rà ṣì ń kọ̀wé sórí rẹ̀ lọ́wọ́, èmi já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ pé kámẹ́rà kì í parọ́. Mo lọ bá ọ̀gá àwọn tíṣà, mo ní èmi ni mo bà á jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó wò mí, ó ní kí n wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń gbé àwáwí kiri, ẹrù lásán ni mo rù. Nítorí náà, káàdì òfìfo ni kí o fi sí i, bátìrì tó kún, kí o sì jẹ́ kí iná pupa kú kí o tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi dé ibi tó le jù. O rò pé kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà rọrùn. Kí obìnrin náà tó jókòó, kí ó tó tú aṣọ jáde nínú báàgì, wàá kúnlẹ̀ kí i, wàá ní, "Màmá, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe kámẹ́rà. Mo ti mọ ohun tó fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un yà." Má fi ṣùgbọ́n kan sí i. Má ṣàlàyé sẹ́ńsọ̀ fún un. Kò wá kọ́ṣẹ́. Bó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú tán. Mo mọ̀ pé ó máa nira fún ọ, nítorí ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ọrùn líle yẹn, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè gbà á padà.

Níti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ibi iṣẹ́ gidi ni, mi ò bú u. Bí o bá fẹ́ padà síbẹ̀, padà ní ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n má padà síbẹ̀ nítorí ẹ̀rù àwòrán kan. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti ṣe é dáadáa, ó yàn ni. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lójú ẹkún, wọ́n lé e ni. Mi ò bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mi ò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Sátidé. Mo rò ó. Bí mo bá wá, èmi ni n óò tẹ kámẹ́rà náà, o mọ̀ mí, àwòrán tèmi ni yóò sì jẹ́.

Ó ku ẹyọ kan.

Gbogbo nọ́ńbà àti ṣọ́ọ̀kì tí mo ní kí o ṣe yìí, kì í ṣe nítorí wọn ni mo fi kọ wọ́n. Bí wọ́n bá ti dúró, ọwọ́ rẹ á dilẹ̀, ojú rẹ á kúrò lára ẹ̀rọ, wàá wá lè rí ẹni tó wà níwájú rẹ. Ya Kẹ́hìndé nínú gáùn rẹ̀ bí o ṣe fẹ́. Ṣe eré fún un, pe orúkọ rẹ̀, jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti wọ bùbá àti ṣòkòtò yẹn tán, tó jókòó sí apá kejì, pa ẹnu mọ́. Má pe orúkọ kankan. Má ní kí ó wo ibí. Sọ fún ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kí ojú rẹ̀ bọ́ sí òkè lẹ́ńsì, kí o wá fi orúkọ pípè sílẹ̀ fún un. Ó lè pẹ́ kó tó lè pè é. Má kán an lójú, má sì wo ojú rẹ̀. Ọmọ ni kí o máa wò.

Òun ló mọ ẹni tó fẹ́ pè. Bó bá pè é, ọmọ náà á gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni kí o tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ,
tó ń yàwòrán ní Okokomaiko títí di òní.